Ẹ Má Tíì Ránṣẹ́ Sílé: Bí A Ṣe Ń Yan Àfikún Ojú Irin fún Rélùwéè Ìṣeré

Ọjọ́ ìbẹ̀wò ti ń sún mọ́lé, mo sì gbọ́ pé ó ju ẹni mẹ́ta lọ tó fẹ́ sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n bá ẹgbẹ́ ra ojú irin kún ti rélùwéè ìṣeré tó wà ní yàrá Yorùbá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò tó kéèyàn kàn sọ pé "ẹ bá wa ra ojú irin" fún òbí tó máa fi owó ara rẹ̀ wọ ọjà. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ ní kí wọ́n ra bàtà wá tí ẹ ò sọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ yín. Bàtà á dé lóòótọ́, kò kàn ní wọ ẹsẹ̀ ni, owó á sì ti lọ.

Fún ẹni tí kò tíì rí sẹ́ẹ̀tì wa: onígi ni, bátìrì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lò. Ègé mẹ́jọ tó tẹ̀ àti mẹ́rin tó gún gbọọrọ ló wà nínú páálí rẹ̀. Tí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó máa ń dá bí ẹyin, rélùwéè á wá máa yí po, yí po, títí bátìrì á fi kú. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ pinnu ni pé ní ọjọ́ àṣà, a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ láti Èkó dé Kano, kí gbogbo ilé ìwé lè rí àwọn ìlú wa tó wà lójú ọ̀nà yẹn: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin. Ègé méjìlá kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n a lè ra ọgọ́rùn-ún ègé kún un kó má sì ṣe é náà, tó bá jẹ́ pé èyí tí kò yẹ la rà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa wò ni ìbú, ìyẹn bí irin méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Kubwa tó wà lábẹ́ kánsù Bwari wa níbí ní ibùdókọ̀ rélùwéè, lórí ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2016. Láti Idu dé Rigasa, ọ̀nà náà gùn tó 186.5 kìlómítà. Àlàfo tó wà láàrin irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 1,435 mìlímítà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́, èyí tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, 1,067 mìlímítà ni tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ó rí 368. Ìyẹn ju gígùn rúlà tó wà nínú àpò ìwé yín lọ! Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà àtijọ́ kò lè rìn lórí tuntun, ti tuntun kò sì lè rìn lórí ti àtijọ́, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó. Àwọn òyìnbó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà náà: ọ̀nà tóóró dínwó, ó sì lè gba kọ́nà tó há. Àwa tó ń gbé lẹ́yìn wọn ló wá ń san ìyókù owó yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìṣeré. Hornby, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn àgbà kan lára àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa, àlàfo irin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù jẹ́ 16.5 mìlímítà. Èyí tí wọ́n ń pè ní N jẹ́ 9 mìlímítà péré. Èyí tí àwọn olówó ń tò sínú ọgbà ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní G, jẹ́ 45. LEGO ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn oní-ike oníbátìrì tó pọ̀ lọ́jà wa, páálí ọ̀kan sábà máa ń yàtọ̀ sí ti èkejì, kódà kí àwọ̀ wọn jọra. Onígi bíi tiwa kò tiẹ̀ ní irin kankan lórí. Ipa méjì ni wọ́n gbẹ́ sínú igi fún táyà láti máa gbà. BRIO, ilé iṣẹ́ kan ní Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní 1958, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló sì tẹ̀ lé ìwọ̀n kan náà, títí kan IKEA. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé onígi la ní. Nínú gbogbo rélùwéè ìṣeré, ìdílé onígi ló máa ń gba àlejò jù. Ẹ sọ fún àwọn tó wà nílé pé onígi ni, ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo bí ẹni pé òun nìkan ló wà, torí orúkọ ń gbówó lórí.

Ṣùgbọ́n kí ìbú bára mu nìkan kò tó. Ẹ wo orílẹ̀-èdè wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, ọ̀nà Itakpe sí Warri, àti ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, 1,435 mìlímítà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan èkejì títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti Kubwa lọ kí bàbá rẹ̀ àgbà l'Ábẹ́òkúta, àfi kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá mọ́tò. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n ra páálí mẹ́ta fún, tí kò sí ègé tó máa so wọ́n pọ̀.

Ohun tó ń so ègé onígi pọ̀ ni akọ àti abo. Orí kan yọ sóde bí ìkó, ìyẹn akọ. Orí kejì ní ihò tí ìkó yẹn máa wọ̀, ìyẹn abo. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Yorùbá ló ní akọ òkúta àti akọ iṣẹ́, kí ló dé tí ojú irin kò ní ní akọ?) Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà wa bá ń yí lọ sí apá kan, akọ á máa bá abo pàdé, kò sí wàhálà. Ìgbà tí a bá fi oríta sí i, tí ọ̀nà wá ń padà bọ̀ láti ibòmíràn, ìgbà yẹn lẹ máa rí akọ méjì tó dojú kọra bí àgbò. Ègé kékeré kan wà tó jẹ́ akọ lórí méjèèjì, òmíràn wà tó jẹ́ abo lórí méjèèjì. Wọn kì í wọ́n, àwọn èèyàn kì í sì í rántí wọn títí dìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti dúró. Tí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ kéré tó sì wúlò jù, àwọn ìbejì yìí ni màá mú.

Ó wá ku kọ́nà, ibí sì ni ìṣirò wà. Kọ́nà onígi kan ń yí ojú ọ̀nà ní 45 dígírì. Ẹ pín 360 sí 45, mẹ́jọ ni, ìdí nìyẹn tí mẹ́jọ fi wà nínú páálí wa. Ti LEGO jẹ́ 22.5, nítorí náà mẹ́rìndínlógún ló ń dá róbótó. Kò sí bí ẹ ṣe lè tò ó tí òfin yìí máa yẹ̀: kí rélùwéè tó ń yí po tó lè padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, láìgba orí ara rẹ̀ kọjá, kọ́nà tó yí sọ́tùn-ún gbọ́dọ̀ fi mẹ́jọ ju èyí tó yí sósì lọ. Tàbí kí ti òsì fi mẹ́jọ ju ti ọ̀tún lọ. Tí a bá ní kọ́nà méjìlá, mẹ́wàá á yí sọ́tùn-ún, méjì á yí sósì, ọ̀nà náà á sì rí bí lẹ́tà L. Ẹ mú bébà kí ẹ yà á. Ní gbogbo igun L, ẹ fi kọ́nà méjì-méjì sí i: igun márùn-ún ń yí síta, ọ̀kan péré ló ń yí sínú. Ó dọ́gba.

Ègé gbọọrọ náà ní òfin tirẹ̀. Tí ẹ bá fi ẹyọ kan kún apá kan, apá tó dojú kọ ọ́ á béèrè tirẹ̀, bí ìbejì tí wọ́n ra aṣọ fún ọ̀kan nínú wọn. Nínú ọ̀nà tó rí bí L, apá gígùn kan gbọ́dọ̀ tó àpapọ̀ apá kúkúrú méjì tó wà níwájú rẹ̀. Ti BRIO máa ń wá ní 216 mìlímítà, 144, 108 àti 54. Ẹ rí i pé 108 méjì jẹ́ 216, 54 méjì sì jẹ́ 108. Torí náà tó bá jẹ́ gbọọrọ lẹ fẹ́ rà, méjì-méjì ni, kí díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ kúkúrú. Àwọn kúkúrú ló ń dí àlàfo tí gígùn kò lè dí. Igi máa ń gbà fúnni díẹ̀. Tó bá ku bí ìbú ìka kan kí orí méjì pàdé, a lè fi ọwọ́ tún gbogbo ọ̀nà tò díẹ̀díẹ̀ kó fi bára mu. Hornby kì í gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fipá so ó, ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ á ti máa ṣubú.

Kọ́nà ńlá àti kọ́nà kékeré wà. Méjèèjì ń yí 45 dígírì, ṣùgbọ́n kékeré há ju ńlá lọ. Kékeré ń fi àyè pamọ́ lórí tábìlì, àmọ́ ọkọ̀ tó gùn kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà gidi. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àtijọ́ jẹ́ 193 kìlómítà, ti tuntun tó dé Moniya jẹ́ 157. Ti àtijọ́ ń yẹ̀ fún òkè, ó ń yẹ̀ fún àfonífojì. Ti tuntun gé òkè, ó mọ afárá, kọ́nà rẹ̀ sì fẹjú kí ọkọ̀ lè sáré. Nítorí pé ti àtijọ́ la fẹ́ fi hàn, kò burú kí tiwa lọ́ díẹ̀. Síbẹ̀ kọ́nà ńlá ni kẹ́ ẹ béèrè, torí òun ló wà nínú páálí wa. Tí a bá da méjèèjì pọ̀ nínú róbótó kan, ìṣirò á dojú rú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé oríta ló yẹ kí owó wa lọ sí jù. Oríta ni ègé tó la ọ̀nà sí méjì. Láìsí i, kò sí ìtàn kankan tí rélùwéè wa lè sọ, àfi pé ó ń yí. Ní ilẹ̀ wa, oríta ló sọ àwọn ibùdókọ̀ kan di ńlá. Ní Ìfọ̀, ẹ̀ka kan yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, ó gba Ìláròó lọ sí Ìdógò. Ní Minna, ọ̀nà tó wá láti Baro létí Odò Ọya pàdé ti Èkó. Ní Kàdúná, ọ̀nà tó ti Port Harcourt gba Enugu àti Makurdi wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní Zaria, òmíràn tún yà lọ sí Kaura Namoda. Ẹni tó bá ka àwọn orúkọ yìí dáadáa ti mọ bí kòkó, ẹ̀pà, òwú àti èédú ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó.

Àmọ́ ẹ má ra oríta kan ṣoṣo. Oríta kan á gbé rélùwéè lọ síbi tí kò ti ní rí ọ̀nà padà, àfi ká fi ọwọ́ gbé e. Méjì ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀kan tó yà sósì, ọ̀kan tó yà sọ́tùn-ún. Pẹ̀lú kọ́nà méjì láàrin wọn, ẹ̀ka á yà kúrò lára ọ̀nà ńlá, á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á tún padà wọ inú rẹ̀. Ohun tí ibùdókọ̀ lójú ọ̀nà àtijọ́ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè kọjá lára ara wọn nínú igbó. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ibùdókọ̀ kí èkejì kọjá. Ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná ṣì rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun ló jẹ́ olójú méjì. Tí a bá fi ìbùdúró bẹ́ẹ̀ sí Òṣogbo lórí tábìlì wa, tí ọkọ̀ kan dúró, tí èkejì kọjá, ọmọ JSS1 tó ń wò ó á mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ibùdókọ̀. Àwọn èrò ń jókòó retí ni!

Ẹ ṣọ́ra fún akọ àti abo níbí yìí o. Oríta àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ akọ, ìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní abo lẹ́sẹ̀ méjèèjì, torí ṣe la máa yí i padà. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n tà pọ̀ ní méjì, ó sábà máa ń ti bára mu bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹyọ-ẹyọ, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní oníná bíi Hornby nílé ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ kó mọ̀. Kó má ṣe fi oríta yí ọ̀nà padà wá kan ara rẹ̀ láti iwájú. Irin kan ń gbé iná lọ, èkejì ń gbé e bọ̀. Tí ọ̀nà bá yí padà kan ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, irin tó ń lọ á kan irin tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Tiwa kò ní ìṣòro yẹn, inú ẹ́ńjìnnì ni bátìrì wà.

Lórí afárá, mi ò ní sọ púpọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ afárá Jẹ́bà, ó sì wù mí náà. Kí wọ́n tó parí afárá yẹn ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé rélùwéè sọdá Odò Ọya. Ṣùgbọ́n afárá ìṣeré wọ́n, ìgòkè rẹ̀ ń jẹ bátìrì, ó sì gba àyè. A lè ya odò sórí páálí, ká tẹ́ ẹ sábẹ́ ègé gbọọrọ méjì, ká fi páálí gé irin afárá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Odò á rí bí odò. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bí omi rẹ̀ ṣe jìn tó.

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan dá a lábàá pé ká ra páálí ńlá tó ní àádọ́ta ègé, torí pé tí a bá pín owó rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dínwó. Òótọ́ ni ìṣirò yẹn. Ohun tí mo rí lára irú páálí bẹ́ẹ̀ ni pé gbọọrọ ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú igi òdòdó, ọmọlangidi àti pátákó ojú ọ̀nà tí wọ́n kà mọ́ ègé. Ẹ má ka iye tó wà níwájú páálí. Ẹ yí i padà, ẹ ka oríta, ẹ ka kọ́nà. Gbọọrọ gan-an la lè rí níbí: káfíńtà tó mọṣẹ́ ní Bwari lè fi ègé tiwa ṣe àwòṣe kó gbẹ́ ipa méjì sínú pákó, bóyá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ igi nínú kíláàsì wa tiẹ̀ lè gbìyànjú rẹ̀ tí olùkọ́ wọn bá yọ̀ǹda. Oríta kò ṣeé gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ipa méjì ti pàdé, tó bá fi díẹ̀ yẹ̀, táyà á há síbẹ̀.

Ẹni tí àǹtí rẹ̀ tàbí àbúrò màmá rẹ̀ wà ní London láǹfààní kan. Níbẹ̀, àwọn èèyàn máa ń kó ojú irin onígi tí ọmọ wọn ti dàgbà kọjá sínú àpò, wọ́n á sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Tókunbọ̀ onígi kò burú rárá, igi kì í tètè gbó. Kí wọ́n kàn wo orí akọ bóyá kò tíì ṣẹ́, kí wọ́n sì fi ìka tọ inú ipa bóyá kò sí ọ̀dà tó ti gan mọ́ ọn.

Lójú tèmi, ohun tí a nílò kò pọ̀. A ní kọ́nà mẹ́jọ. L ń fẹ́ méjìlá, ìbùdúró Òṣogbo ń fẹ́ méjì sí i, torí náà mẹ́fà ló kù. Oríta méjì. Ìbejì kan, akọ-akọ ẹyọ kan àti abo-abo ẹyọ kan. Gbọọrọ kúkúrú mẹ́rin, ìyókù ká gbẹ́ ẹ. Tí owó bá ṣẹ́ kù, oríta kẹta, ká fi ṣe Ìfọ̀. Ẹ̀ka Ìdógò lè parí síbi tó bá parí sí, bó ṣe rí lójú ọ̀nà gidi náà nìyẹn. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ kó má jẹ́ pé òbí mẹ́ta ló máa ra oríta wá, tí kò ní sí ẹni tó ra kọ́nà.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí sínú lẹ́tà yín: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú irin onígi ni o, kì í ṣe oní-ike. Ìbú igi rẹ̀ jẹ́ 40 mìlímítà. Kọ́nà ńlá, mẹ́jọ ló ń dá róbótó. Ẹ bá wa wò ó bóyá ó ní ìkó lórí kan àti ihò lórí kejì." Kẹ́ ẹ wá fi iye tí wọ́n pín fún yín sí i.

Mo ti ya ọ̀nà tó rí bí L náà sórí bébà ńlá, ó wà lára ògiri yàrá Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ègé kọ́nà kan àti gbọọrọ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi han òbí rẹ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, kí wọ́n lè gbé e dání lọ sọ́jà. Ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé kẹ́ ẹ tó mú un, kẹ́ ẹ sì dá a padà kí agogo prep tó lù.